Ọjọ́ Tí Orò Polówó Ọṣẹ

Ìbò káńsẹ́lọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí ti ní fóònù lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn mìíràn nínú yín tilẹ̀ ti ní káàdì ìdìbò, bí ẹ ò tilẹ̀ lò ó. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ láyé àwọn ológun, mo ti sun àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ti yin tajútajú lù wá lójú títì tí a fi ń fi ìró nu ojú ara wa. Mo rò pé kò sí ìwàkiwà tí olóṣèlú lè hù tí ojú mi ò tíì rí. Irọ́ ni. Ológun tó fìbọn lé wa tilẹ̀ ní ojú tí ènìyàn lè wò. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí kò ní. Ìlú ìyá mi lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ìlú kékeré kan láàárín Ibefun sí Odogbolu. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ ara wọn.

Síkírátù, ọmọ àbúrò ìyá mi, ló ń du ipò káńsẹ́lọ̀. Ìdílé wa rí bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Síkírá ń kírun, àwọn ará oko wa ń bọ Ògún, a jọ ń jẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì, kò sì sẹ́ni tí oúnjẹ ẹnìkejì pa rí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Síkírá. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà nílùú débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u nígbà ìpolongo, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí láyé. Ohun kan ṣoṣo ló ṣèlérí. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nílùú tí wọ́n tì pa, tí ẹgbẹ́ tó wà nípò ń kó àga ìpàdé sí. Ó ní òun á kó àga wọn síta, òun á ṣí i, kí àwọn aboyún lè yéé fi ìrora gun ọ̀kadà lọ sí Odogbolu.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni orí rẹ̀ pé tó máa bá irú ìlérí bẹ́ẹ̀ jà? Àwọn méjì ló bá a jà.

Èkíní ni Pásítọ̀ Jídé. Òun ló kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ agégi, tí wọ́n fi orin ìṣẹ́gun wó igi ìrókò etí igbó Orò lulẹ̀. Ó ní àwọn ti wó ilé èṣù. Igi tó ń fún àwọn tó ń bọ̀ láti oko níbòòji ni wọ́n wó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni Alhaji Mùtíù, oníṣòwò sìmẹ́ńtì, tó ń wàásù níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ọmọ Mùsùlùmí tó bá jẹ ìrẹsì Kérésì ti jẹ iná. Lèmọ́mù àgbà ìlú pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní ìrẹsì ni ìrẹsì ń jẹ́. Alhaji ní ìmọ̀ Lèmọ́mù ti gbó. Àwọn méjèèjì yìí ò kí ara wọn. Pásítọ̀ ń pe Alhaji ní ọmọ òkùnkùn, Alhaji ń pe Pásítọ̀ ní kèfèrí, àwọn méjèèjì sì ń pe àwọn ará oko wa ní abọ̀rìṣà tí ọ̀run àpáàdì ń dúró dè.

Nígbà tí Síkírá jáde, wọ́n di ọ̀rẹ́. Ìkórìíra obìnrin tó bá pàṣẹ ni ìsìn kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń sìn tọkàntọkàn. Ọ̀kan ní Ọlọ́run kò fi obìnrin jẹ orí, èkejì ní ìlú tí obìnrin bá ń darí á parun, wọ́n sì jọ fi ẹnu kò sórí ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, àfi pé ó máa ń bá àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ gbé báàgì. A rẹ́rìn-ín wọn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú náà ti lọ wá iṣẹ́ sí Èkó, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù lórí ìlà ìdìbò, tọmọdé tàgbà ló sì mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Bí wọ́n bá ti lè dé ibùdó ìdìbò, Síkírá ti wọlé. Gbogbo ọ̀ràn náà wá dúró lórí bí wọ́n á ṣe dé ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ọ̀dọ̀ Ìyá Abọ́sẹ̀dé la wà, nítorí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti máa dìbò. Ìyá yìí jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti rékọjá ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ lójúde kejì. Bàbá rẹ̀ ni olórí àwọn olórò nígbà ayé rẹ̀. A ń mu gaàrí nínú àgbàlá, àwọn obìnrin ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a fẹ́ jọ tò lọ.

Bẹ́ẹ̀ la gbọ́ ohùn Orò.

Fún ẹ̀yin tí wọn ò tọ́ dàgbà nílé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Bí Orò bá ń ké, obìnrin kì í sí níta. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Ẹnì kankan ò dúró bi ẹnì kejì léèrè. Igbá gaàrí dànù, ọmọ ń ké, a rọ́ wọlé, wọ́n gbé ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn. Èmi náà sá. Èmi tí mi ò sá fún tajútajú, mo sá fún ohùn, mo sì fẹ̀yìn ti ògiri bí àwọn tó kù.

Síkírá ló kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò. Ó ní wọ́n kì í dédé gbé Orò jáde, pé wọ́n á ti kéde rẹ̀ lọ́jà kó tó dọjọ́, kí oníkálukú lè ra ohun tó máa jẹ, kí àlejò sì lè kúrò nílùú. Ta ló kéde èyí? Ó ń lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ìyá dìde, ó sì dúró síwájú rẹ̀.

"Èmi náà mọ̀ pé wọn ò kéde," ni Ìyá wí, "ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa dá Orò lẹ́jọ́. Bí o bá fẹ́ jáde, èmi ni kí o kọ́kọ́ tì ṣubú."

Ta ló máa ti arúgbó ṣubú? Síkírá padà jókòó. Ó gbé káàdì ìdìbò rẹ̀ lé orí eékún, ó ń wò ó. Níta, a ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ń rìn gbẹ̀fẹ́, wọ́n ń ṣàwàdà. Ọ̀kan nínú wọn dúró lójú fèrèsé wa. Ọkọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà nínú yàrá náà ni. Ó kan fèrèsé, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ o. A ó bá yín dì í."

Títí di òní, bí mo bá ń gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ pé òun fẹ́ràn ìyàwó òun, ohùn ọ̀gbẹ́ni yẹn ni mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn tirẹ̀.

Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń súnmọ́ wa. Ìyá tẹrí ba, ó ń kí i wúyẹ́wúyẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ibi tí ohùn náà ti ròkè jù lọ ló ti já lójijì. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn wá ń fi Yorùbá Èkó polówó ọṣẹ ìfọṣọ fún wa, pé ọṣẹ òun ní òórùn dídùn, pé ó ń hó yéèyéè, pé ẹni tó bá fi fọ aṣọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ náà ò ní jẹun níta mọ́. Lẹ́yìn náà ni Orò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n ojú Ìyá la ń wò, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú yẹn kó rẹ́rìn-ín. Ó gbórí sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ọṣẹ ni mo gbọ́?"

Síkírá ní, "Ọṣẹ ni, Ìyá."

Ìyá tún ìró rẹ̀ ró. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀pá ìdábùú kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Orò tí bàbá mi sìn kì í ta ọṣẹ." Òun ló kọ́kọ́ bọ́ síta. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àwọn tó gba nǹkan gbọ́ ló ń dá ìlú dúró. Nínú gbogbo wa, ẹni tó gba Orò gbọ́ jù lọ ló ṣílẹ̀kùn.

A bá ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Sípíkà ìjọ Pásítọ̀ Jídé ló wà nínú rẹ̀, orúkọ ìjọ wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà funfun rekete. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù Alhaji Mùtíù ló ń gbé iná fún un. Fóònù kan wà lórí àga, ohùn Orò tí ẹnì kan gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé jáde látinú rẹ̀, wọn ò sì ní ọpọlọ láti mọ̀ pé ìpolówó máa ń já lu nǹkan tí ènìyàn bá ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ rí wa, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀gá méjèèjì ò ráyè sá, nítorí àgbàdá Alhaji há sára ilẹ̀kùn ọkọ̀, Pásítọ̀ sì ń du fóònù.

Ẹ bá mi rò ó. Ọjọ́ Jímọ̀, Orò jẹ́ ẹbọ. Ọjọ́ Àìkú, Orò jẹ́ èṣù. Sátidé tó wà láàárín wọn, Orò di ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Mo bi Pásítọ̀ pé ṣé kì í ṣe òun ló wó ìrókò Orò lulẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó ní Ọlọ́run lè lo ohunkóhun láti mú ìfẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Mo kọjú sí Alhaji. Òun ní ẹ̀tàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú ogun.

"Ta lẹ ń bá jagun, Alhaji?"

Ó fi àgbọ̀n júwe Síkírá.

Síkírá kò pariwo. Ó ní, "Alhaji, ọwọ́ mi ni gbogbo ọmọ yín bọ́ sí. Lọ́jọ́ tí àkọ́bí yín fẹsẹ̀ jáde, mo pàṣẹ fún yín pé kí ẹ sáré lọ gbé omi gbígbóná wá, ẹ sì sáré. Ẹ ò bi mí nígbà náà bóyá obìnrin lè pàṣẹ." Ọkùnrin náà ń tún àgbàdá rẹ̀ ṣe, ó ń tún un ṣe ṣáá, bí ẹni pé ibẹ̀ ni èsì wà. Ìyá Abọ́sẹ̀dé tutọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá táyà ọkọ̀ wọn, ó sì lọ tò.

Ọkọ tó fẹ́ bá wa dì í wà lórí ìlà. Ó ń ṣàlàyé pé òun ò mọ̀ pé ayédèrú ni. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí òun fi gbọ́ ọṣẹ náà nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, tí ẹni tó wà níta ò gbọ́ ọ. Ó wo fóònù rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó wà lórí ìlà náà ló ń wo fóònù.

A dìbò, a dúró títí wọ́n fi ka ìbò, Síkírá sì fẹ̀yìn ọmọkùnrin wọn balẹ̀ pátápátá ní ibùdó wa. A kọrin. Orin wa kò tíì tán tí èsì ìbò fi ń dé láti àwọn ibùdó yòókù ní wọ́ọ̀dù náà, ọmọkùnrin wọn ló sì ń borí níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Orò ti ké. Ẹni tó ni fóònù tiwọn ti gba ohùn náà sílẹ̀ ṣáájú, kò sí ìpolówó tó já lù ú, ó ké láti àárọ̀ títí ìdìbò fi parí. Kí ìdìbò tó parí, a ti pe àwọn obìnrin ibẹ̀, a ní irọ́ ni, ẹ jáde. Obìnrin kan tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí ìbò fún Síkírá dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọṣẹ. Àwa ò gbọ́ ọṣẹ." Mi ò lè dá a lẹ́bi. Bí ìpolówó yẹn ò bá já lu tiwa, inú yàrá lèmi náà ì bá wà, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà.

Bí ọmọkùnrin agbébáàgì ṣe di káńsẹ́lọ̀ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn ọ̀dọ́ kan nínú àwọn olórò dìde, àwọn tí ìtara wọn ju ọjọ́ orí wọn lọ. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó jáde lọ́jọ́ ìbò ti tẹ èèwọ̀ lójú, kí oníkálukú wọn mú ewúrẹ́ wá. Wọ́n ní bí ọṣẹ bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ohùn Orò ṣì ń ké lọ́wọ́ nígbà tí a ń rìn lójú ọ̀nà. Mo ti pàdé agbawèrèmẹ́sìn onírúurú láyé mi, gbogbo wọn ni wọ́n jọ mọ ìṣirò yìí: ẹni tó jalè kò jẹ̀bi, ẹni tí wọ́n jà lólè ló jẹ̀bi pé ó lajú.

Bàbá Odùṣànyà, olórí àwọn olórò, pe ìpàdé síwájú ilé rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ náà ròyìn tán, ó wá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ohùn ọ̀hún?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ.

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tiwa?"

Wọ́n ní àwọn mọ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?"

Ìbò ni wọ́n lọ dì. Bàbá ní kò sí obìnrin tó máa mú ewúrẹ́ wá, pé àwọn tó fi Orò ṣe ẹrú olóṣèlú ni kó wá ṣe ètùtù. Ó ránṣẹ́ pe Pásítọ̀ àti Alhaji. Pásítọ̀ ní òun ò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú òrìṣà. Alhaji ní ẹ̀sìn òun kò fàyè gba ẹbọ. Ẹ ò rí i bí? Ìgbàgbọ́ wọn padà sí wọn lára lọ́jọ́ tí wọ́n pè wọ́n láti wá jẹ́jọ́. Àwọn àgbààgbà ìlú wá ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kó lọ, kí ìlú lè tòrò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, wọ́n sì ní ká má pariwo kí ọmọ má baà jí.

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Odùṣànyà, ṣùgbọ́n mi ò fi òun náà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní, "Bàbá, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa láti máa sá. Àwọn yẹn kàn yá a lò ni." Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, mi ò sì rí èsì rẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ló kéde lọ́jà pé láti ọjọ́ náà lọ, Orò kankan kò ní jáde nílùú ní oṣù tí ìbò bá wà. Àṣẹ náà ṣì múlẹ̀ di òní. Nínú gbogbo ìjà tí a jà, ohun tí ọwọ́ wa tẹ̀ nìyẹn, ó sì kéré.

Ilé ìwòsàn ṣì wà ní títì. Àga ẹgbẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn aboyún ṣì ń gun ọ̀kadà. Pásítọ̀ ti ra sípíkà tuntun, Alhaji ti di alága ìgbìmọ̀ àlàáfíà ẹlẹ́sìn gbogbo, tí ẹ bá lè gbà mí gbọ́. Wọ́n jẹ àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù yẹn ní ìbò kan, wọ́n jẹ àwọn ará oko wa ní ìrókò kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún dé nígbà ìbò, tó ní Ọlọ́run ló rán òun sí yín, ẹ má jiyàn ẹsẹ Bíbélì tàbí ti Kùránì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ni sípíkà.

Ohun kan ṣì kù, òun ló ń dùn mí jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde Orò gidi lọ́jà, ọjọ́ pé, ó bá mi nílé Ìyá Abọ́sẹ̀dé. A wọlé, a tilẹ̀kùn. Nígbà tí ohùn náà dé, kò jọ ti fóònù rárá. Mo retí pé Ìyá á tẹrí ba, kó máa kí i bó ṣe ń ṣe látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kò kí i. Ó jókòó nàró sórí àpótí, ó gbé etí lé ògiri, ojú rẹ̀ le, ó ń gbọ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Mò ń retí ọṣẹ ni."